Tofamalu Méjì, Àyè Kan

Ianeta tún tẹ nọ́ńbà náà. Ó gbé fóònù sétí, ó gbọ́ ariwo tó ń sọ pé ẹlòmíràn wà lórí ìlà, ó pa á, ó sì tún tẹ̀ ẹ́. Orí ibojì bàbá bàbá rẹ̀ ló jókòó sí níwájú ilé, nítorí ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti máa ń gbọ́ràn ní agboolé wọn. Sìmẹ́ńtì ibojì náà ti ń gbóná lábẹ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ń ro ó, ó fi ti òsì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọn ò tíì gbé e?" Fuatino ìyá rẹ̀ béèrè láti ẹ̀yìn ilé, níbi tó ti ń ha àgbọn sínú ọpọ́n.

"Bí wọ́n bá gbé e, ẹ máa gbọ́ ohùn mi, Màmá."

"Mo kàn ń béèrè ni. Bí o ṣe gbájú mọ́ fóònù yẹn, ká ní ọkùnrin lo gbájú mọ́ bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti máa gbé ọmọ-ọmọ jó."

"Ẹ bá mi wá èyí tí kò ní máa sọ fún mi pé ẹlòmíràn wà lórí ìlà."

Fuatino rẹ́rìn-ín, ó sì ń ha àgbọn rẹ̀ lọ. Ianeta kò rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi àárọ̀ ọjọ́ Ajé tẹ nọ́ńbà yìí. Ọ́fíìsì tó ń ṣe pásípọ́ọ̀tù ní Apia, olú ìlú Samoa, kì í dá ẹni tí kò gba àyè sílẹ̀ lóhùn. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì máa ń ṣí àyè tuntun. Kí oúnjẹ àárọ̀ tó wọ ikùn, àyè ti tán. Láti ìgbà tí àwọn olóko èso ní òkèèrè ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ síbi iṣẹ́, gbogbo ẹni tó ní ọwọ́ méjì ló ń wá pásípọ́ọ̀tù.

Kì í ṣe oko èso ni bàbá Ianeta fẹ́ lọ. Moelagi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló wà ní ọsibítù ní Auckland lókè òkun. Kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn dókítà sì ti bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin náà ń béèrè ni pé ìgbà wo ni àbúrò òun máa dé. Ẹyinjú ọkùnrin ni arábìnrin rẹ̀; ẹni tí kò bá lọ wo ẹyinjú rẹ̀ nígbà tó ń ṣú, kí ló tún fẹ́ fi ojú tó kù wò láyé?

Nígbà tí ìròyìn náà dé, bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ tán lẹ́nu Ianeta, ó ní: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́. Bí ìlú bá gbọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹní òkú jọ. Tí wọ́n bá ti lè tẹ́ ẹní àkọ́kọ́ sílẹ̀, wọ́n ti sin ín nìyẹn." Ẹní ńlá ni gbogbo ìdílé máa ń kó wá síbi ìsìnkú ní Samoa. Nítorí náà, àwọn mẹ́ta nìkan ló mọ̀ ọ́n ní gbogbo Vaitolo: òun, ìyàwó rẹ̀, àti Ianeta.

Ó tún tẹ nọ́ńbà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn ènìyàn ló dáhùn.

"Ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù. Ẹ kú àárọ̀."

Ianeta dìde dúró lórí ibojì. "Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ gba àyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fóònù."

"Mi ò pa á. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, ti Ọjọ́bọ̀. Ta lẹ fẹ́ gbà á fún?"

Lákòókò náà gan-an ni bàbá rẹ̀ ń bọ̀ láti oko, ó gbé ọ̀pá kọ́ èjìká, kókò tí ó so mọ́ orí ọ̀pá náà méjèèjì ń mì. Ó dúró sójú ọ̀nà, ó ń wò ó. Ianeta kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Tofamalu," ó ní.

"Ìlú wo?"

"Vaitolo, ní Savai'i."

"Tofamalu, Vaitolo. Mo ti kọ ọ́. Ọjọ́bọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n. Kí wọ́n mú ìwé ọjọ́ ìbí dání, àti..."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Kò já a láyà. Ó bẹ́ sílẹ̀ lórí ibojì, ó kígbe pe ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì gbé kókò rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni pé ẹyin ló rù.

Àṣìṣe ti wọlé, kò sì sẹ́ni tó rí i. Ta ni ọmọ tó máa dúró níwájú bàbá rẹ̀ tó ti joyè, kó máa pe orúkọ tí wọ́n fi ń lé e kiri nígbà èwe sí etí àjèjì? Oyè ló pè, bó ṣe yẹ kí ọmọ tí a kọ́ pè é. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í fún oyè ní pásípọ́ọ̀tù. Ènìyàn ló ń fún.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ ojú omi tó kọ́kọ́ kúrò ní erékùṣù Savai'i ni wọ́n wọ̀. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ró ìró dúdú tí ọkùnrin ilẹ̀ wọn máa ń ró, ó jókòó ṣinṣin láti èbúté dé èbúté láìfi ẹ̀yìn ti nǹkan kan. Ianeta gbé orí lé apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, ó sùn. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ ní èbúté Mulifanua kún débi pé orí itan ọmọbìnrin kan ló jókòó títí dé Apia, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ti ń ṣe níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wọ ọ́fíìsì náà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lọ sóko òkèèrè ti kún orí bẹ́ǹṣì. Lórí èyí tó wà níwájú, ọkùnrin sàǹgbọ̀nrọ̀ kan jókòó, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ àyà rẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, Loimata, jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ianeta mọ̀ wọ́n dáadáa. Eneliko ni ọkùnrin náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá rẹ̀, òkè Vaitolo ni ilé rẹ̀ wà. Nígbà tí Tofamalu àtijọ́ kú, agboolé méjèèjì fa oyè náà títí dé kóòtù, kóòtù sì gbé e lé àwọn méjèèjì lórí lọ́jọ́ kan náà. Láti ọjọ́ náà, Tofamalu méjì ló wà ní Vaitolo, kò sì sí èyí tó kéré nínú wọn.

"Ẹ kú ìjókòó o, Tofamalu," bàbá Ianeta ní.

"Ẹ kú ìrìn o, Tofamalu. Ẹ kú ewu omi."

"Ewu kò sí. Ara ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ara ti yín ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

Wọ́n kí ara wọn dé orí ìjọ, orí oko, àti orí òjò tí kò rọ̀. Bàbá Ianeta jókòó tì í. Àyà Ianeta ti ń já díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá jí tó sì rántí pé òun kò pa iná.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà na ọrùn. "Tofamalu, Vaitolo!"

Olóyè méjèèjì dìde.

Ẹ̀ṣọ́ náà wo ti ọ̀tún, ó wo ti òsì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olóyè, ẹnì kan ṣoṣo ni mo pè."

Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó fi òdòdó pupa sétí, yẹ ìwé rẹ̀ wò. "Tofamalu, Vaitolo," ó tún kà á. "Kò sí orúkọ mìíràn. Kò sí nọ́ńbà fóònù. Èwo ni nínú yín?"

"Ẹ lọ, Tofamalu," bàbá Ianeta ní. "Ẹ̀yin lẹ ti wà níbí."

"Rárá o, Tofamalu. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orí òkun wá láàárọ̀ yìí; alẹ́ àná làwa ti dé. Ẹ lọ."

"Ilé yín ló kọ́kọ́ jẹ oyè náà."

"Ilé yín ló fẹ̀ ẹ́ lójú. Ẹ má dójú tì mí."

Wọ́n sì tún jókòó, àwọn méjèèjì. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tẹrí ba bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Akọ̀wé náà pàápàá rẹ ojú sílẹ̀. Ọmọ Samoa ni, kò lè ní kí olóyè yára. Ohun tó lè sọ náà ló sọ, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Mo ń tẹ̀ka fún arákùnrin yìí lọ́wọ́. Bí mo bá ṣe é tán tí ọ̀rọ̀ ò tíì yanjú, màá ní láti pe ẹlòmíràn. Ẹ má bínú. Àyè kan tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà nìkan ló kù, ó sì di ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí a ṣọdún àwọn ọmọdé."

Ó ju oṣù kan lọ dáadáa sí ìgbà náà. Ianeta fọwọ́ kan Loimata léjìká, àwọn méjèèjì sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ló gba àyè yìí fún yín?" Ianeta béèrè.

"Èmi ni."

"Ìwọ? Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo pè, wọ́n ní kò sí àyè. Mo wá ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú, Tofamalu ti Vaitolo ni. Obìnrin náà ní, 'Háà, Tofamalu ti Vaitolo ti wà níbí, Ọjọ́bọ̀.' Mo rò pé ọkọ mi ló ti bá wa gbà á. Mo tiẹ̀ se ẹja fún un lálẹ́ ọjọ́ náà."

"O bọ́ ọkọ rẹ lẹ́ja lásán. Èmi ni mo pè. Wo àtàǹpàkò mi."

Loimata wò ó. "Ó ti wú."

"Ó máa wú."

"Ianeta, láti ìgbà tí mo ti rí yín tẹ́ ẹ wọlé ló ti yé mi. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́? Bàbá ti dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dágbére. Olùṣọ́ àgùntàn ti gbàdúrà lé e lórí. Ṣé kí n wá sọ fún un pé kó dìde kúrò níwájú ojú àwọn ọmọ wọ̀nyí?"

"Kí ló fẹ́ lọ ṣe?"

"Ìrìbọmi ni, ní Sydney. Ọmọ àbúrò ọkọ mi."

"Ọjọ́ wo ni ìrìbọmi náà?"

"Nígbà Kérésìmesì."

"Kérésìmesì? Ọmọ náà ti tó báwo báyìí?"

Loimata fi ẹsẹ̀ gbo ilẹ̀. "Wọn ò tíì bí i."

Ianeta fẹ̀yìn ti ògiri. "Ọmọ tí kò tíì dáyé ti wá ń bá wa du àyè."

"Má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni tiyín tó fi le báyìí?"

Ianeta wo inú ilé láti ojú fèrèsé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níwájú akọ̀wé ti ń fi aṣọ nu ìka rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó bó ṣe jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi, ọwọ́ méjèèjì lórí orókún, ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó hàn gbangba sí i pé bí wọ́n bá pe ẹlòmíràn, ọkùnrin yìí máa dìde, á kí gbogbo ènìyàn dáadáa, á sì padà sí Vaitolo pẹ̀lú ọ̀wọ̀ rẹ̀ láìlábàwọ́n. Á máa lọ sóko rẹ̀. Fóònù á dún ní ọjọ́ kan, á sì tán. Ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúàbí kò tíì wo kíndìnrín ẹnikẹ́ni sàn rí, àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ti fi ṣòfò lórí ibojì yẹn kò sì ṣeé kà mọ́.

Ó lè sọ ọ́ fún Loimata níbẹ̀, ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó mọ ibi tí ìyẹn máa ń dé: kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ á ti dé Savai'i ṣáájú ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀rọ̀ tó bá tó olóyè, etí olóyè ni a ń sọ ọ́ sí. Ó wọlé padà.

Ó jókòó sórí táìlì níwájú Eneliko, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, ó tẹrí ba. Ẹ̀rọ abẹ̀bẹ̀ òkè àjà nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ forí jì mí, Tofamalu. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi tí kò yẹ kí n ti sọ̀rọ̀."

"Ianeta," bàbá rẹ̀ ní.

Orúkọ rẹ̀ lásán ló pè, kò gbé ohùn sókè. Láti kékeré, ohùn yẹn ló máa ń dá a dúró nínú ohunkóhun tó bá ń ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dúró.

"Àǹtí Moelagi ni," ó ní, kò gbójú sókè. "Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù ní Auckland. Kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní ká má pẹ́. Ó ń béèrè bàbá mi lójoojúmọ́. Èmi ni mo gba àyè náà lọ́jọ́ Ajé, oyè nìkan ni mo sì pè. Ẹ̀bi mi ni."

Bàbá rẹ̀ yí ojú sí ògiri.

Abẹ̀bẹ̀ Eneliko dúró. Ọwọ́ Moelagi kan náà ni àwọn méjèèjì dàgbà sí. Òun ló ń fi omi òkun wẹ̀ wọ́n, òun ló sì ń fi ẹ̀ka igi gbẹ̀rẹ̀fútù nà wọ́n bí wọ́n bá lọ jí àgbọn olùṣọ́ àgùntàn.

"Moelagi," ó ní nígbẹ̀yìn. Ó yí sí ìbátan rẹ̀. "O mọ èyí. O mọ̀ ọ́n, o sì jókòó tì mí níbí, o ń bá mi ṣe ẹ-lọ-ẹ-má-lọ."

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ẹni tó ṣì ń mí," bàbá Ianeta sọ sí ògiri.

"Ta ló sọ̀rọ̀ ẹní?"

"Ẹ máa sọ ọ́. Gbogbo yín lẹ máa sọ ọ́."

Akọ̀wé gbé ojú sókè lẹ́yìn gíláàsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá ṣiṣẹ́ ti ń ká ìwé rẹ̀.

"Pita," Eneliko ní.

Ianeta kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe bàbá rẹ̀ lórúkọ àbísọ yẹn rí, àfi nígbà tí ìyá bàbá rẹ̀ wà láyé. Kò sẹ́ni tó lè pè é kó má di ìwọ̀sí, àyàfi ọkùnrin tí wọ́n jọ jẹ oyè kan náà, tí wọ́n sì jọ jẹ pàṣán kan náà.

"Pita Siaosi, dìde. O ti ń ṣe agídí láti ìgbà tí eyín rẹ kò tíì hù tán. Má fi ọ̀wọ̀ pa ẹ̀gbọ́n wa kí àìsàn tó pa á. Dìde!" Ó na abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sí gíláàsì. "Ìwọ ọmọ yìí, kọ Pita Siaosi sílẹ̀. Òun ló ni àyè."

Bàbá Ianeta dìde.

Iṣẹ́ tó kù kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ le jù ú lọ. Oko ti jẹ ìka bàbá rẹ̀. Oje kókò àti ọ̀pá ìwalẹ̀ ti fá ìlà orí wọn nù, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka náà kò sì dá wọn mọ̀. Akọ̀wé ní kó fi aṣọ nu wọ́n, kó tún tẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Ianeta tú ìdérí ìgò omi, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ìka wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá rẹ̀ sì na ọwọ́ fún un láìwò ó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbà. Wọ́n ní kó má rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí wọ́n sọ ọ́. Ianeta san owó tí wọ́n fi ń yára ṣe é, akọ̀wé sì ní kí wọ́n padà wá gbà á lọ́la kí wọ́n tó pa ilẹ̀kùn.

"Ó ku kan," Ianeta ní. "Loimata, bọ́ síbí. Ẹ bá wọn gba ti ìgbà ọdún àwọn ọmọdé nísinsìnyí, kó má bàa di ẹjọ́ mìíràn."

"Orúkọ tí a bí wọn sọ, ẹ jọ̀ọ́," akọ̀wé ní.

Loimata bojú wẹ̀yìn wo bàbá ọkọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì sọ ọ́ gba ihò kékeré tó wà nínú gíláàsì. "Eneliko Fa'amoe."

"Eneliko Fa'amoe," akọ̀wé náà tún un pè ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé kíá bí ẹni pé ó fẹ́ kó jáde lẹ́nu òun.

"Àti nọ́ńbà fóònù," Ianeta ní. "Kọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Eneliko ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, ohùn rẹ̀ sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. "Moelagi, bẹ́ẹ̀ ni. Auckland. Sọ fún àwọn obìnrin kí wọ́n yọ àwọn ẹní ńlá tó wà lókè àjà, kí wọ́n sá wọn. Rárá, kò tíì... Mo ní kí ẹ sá wọn ṣáà."

Bàbá Ianeta dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dà bíi pé ó ti dàgbà sí i láàárín ilẹ̀kùn sí ibẹ̀.

"Ṣé o gbọ́?" ó bi í.

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Wọ́n á dì í fún mi. Ẹní òkú ni màá rù wọ yàrá ẹni tó ń retí mi."

"Ẹ má rù ú. Ẹ fi sílẹ̀ ní Vaitolo, ẹ gbé ara yín lọ."

"Ìwọ lo máa sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Èmi náà ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀."

Ó wò ó. Kì í ṣe ojú ìbínú, kì í sì í ṣe ojú ọpẹ́. Ojú ẹni tó ti rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó kí Tofamalu kejì pé ó dàbọ̀, Tofamalu kejì gbé ọwọ́ sókè láìgbé fóònù kúrò létí, bàbá Ianeta sì bọ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ianeta gbé apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn. Ilé àbúrò ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa sùn, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn díẹ̀ sí òpópónà. Ó ti ìwé ọjọ́ ìbí bàbá rẹ̀ sí abẹ́ ewé tó bo oúnjẹ náà, kí òógùn má bàa bà á jẹ́, ó sì tẹ̀ lé e jáde sínú oòrùn.